Èérún Ohùn

Lókè àtẹ̀gùn kan ní Bursa,
níbi tí yìnyín orí òkè ti ń yọjú lójú fèrèsé,
Nezihe na okùn méjìdínlọ́gọ́rin sórí pákó kánúùnù,
ó to irin pẹlẹbẹ sábẹ́ wọn,
wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọ tuntun:
gbé kan dìde, ohùn á gòkè,
tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ohùn á wálẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Hilmi, tí etí ọ̀tún rẹ̀ ti di pa,
ló kọ́ ọ pé ìṣísẹ̀ ohùn kan, ọ̀nà mẹ́sàn-án là ń là á sí.
"Ẹyọ kan nínú mẹ́sàn-án, ẹni tó ń kánjú kò ní gbọ́ ọ.
Yọ ọ́ kúrò, kí o wá wo bí orin ṣe ń tiro."

Ó ní a máa ń gun ohùn láti ìkíní dé ìkarùn-ún,
lẹ́ẹ̀mejìlá gbáko, ká lè padà sílé;
a ó dé, ilẹ̀kùn á ti yẹ̀ kúrò níbi tí a fi í sí.
Bíńtín ni.
Ta ni yóò gba ìyókù yẹn?
Àwọn tó ń ṣe dùùrù pín in bí gbèsè ẹbí,
kálukú san díẹ̀, ojú ò ti ẹnikẹ́ni.
Hilmi kò pín tirẹ̀.
Ó kàn án mọ́ igi.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Saffet gbé kánúùnù ìyàwó rẹ̀ dé láti Mudanya,
ó fi aṣọ ìbora dì í bí aláìsàn.
"Ohùn kẹta yìí, Mükerrem kì í fi síbẹ̀.
Ẹ gbé irin sókè, ó ti kọjá obìnrin náà,
ẹ tẹ̀ ẹ́, kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."
Nezihe wọn okùn. Òṣùwọ̀n ní kò sí àṣìṣe.
(Èmi tí ọkọ ń di ọkọ́ lẹ́nu mi
bí ohùn bá yẹ̀ díẹ̀, n kò rẹ́rìn-ín.)

Bàbá arúgbó náà kùn ún lẹ́nu, ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n.
Kò sí àyè ìṣó mìíràn.
Nezihe mú ayùn, ó rẹ́ irin náà
títí ó fi fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà,
ó fi ìka ta okùn,
ó tún rẹ́ ẹ.
Tíì tutù sínú ife.

"Ó kù díẹ̀," ni Saffet wí.
Ó sanwó, ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀.