Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ọ̀kadà mi ti ń da òróró
láti ìgbà ìkórè kòkó èṣí.
Mo ń fi àkísà nù ún, mo ní yóò bá mi dé ọdún.
Bí mo bá bọ́ sí kòtò Àtìkòrí,
gbàà! irin a kọlu irin,
eyín òkè a kí eyín ìsàlẹ̀.

N kò kà á sí. Ẹrù ni mo fi ń jẹun:
gààrí àpò méjì láti Abà Ọ̀sínọ́wọ̀,
sìmẹ́ńtì mẹ́ta bí Kàmórù bá pè.
Ẹrù kì í ké "yéè".

Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń gbé Màámi
lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní ọsibítù.
Bó bá ku díẹ̀ ká dé afárá Òkè-Àgbò,
níbi tí ọ̀dà ti ká bí eyín arúgbó,
a fọwọ́ kàn mí léjìká:
"Jẹ́ n sọ̀ níbí, mo fẹ́ kí Ìyá Ṣówùnmí."
A fẹsẹ̀ rìn kọjá, ọwọ́ kan ní ìbàdí,
èmi a dúró níwájú, íńjìnnì a máa kùn.
Oṣù mẹ́rin ni mo fi lójú tí n kò ríran.

Sàdíátù ní Ojówò jogún ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀,
ó jogún ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.
Ó to oríṣi mẹ́ta sórí páálí.
Àkọ́kọ́ pupa fòò, ó gbé ìgò gáàsì pọ̀n,
irú èyí tí àwọn ọmọ Agó-Ìwòyè ń torí rẹ̀ ta fóònù.
Èkejì, ṣípíríǹgì rẹ̀ ki bí ìka àgbẹ̀.
Ẹ̀kẹta dúdú, kò lẹ́wà,
wáyà rẹ̀ sún mọ́ra lókè, ó ya sílẹ̀ nísàlẹ̀.

"Kí lo ń gbé?"
"Ẹrù."
"Àti ta ni?"
Mi ò dáhùn. Ó fa téèpù aránṣọ yọ,
ó wọn ògbólógbòó tèmi, láti ojú dé ojú.
"Pupa yìí fi ìka méjì gùn jù.
Ẹ̀yìn á ga, ṣéènì á le,
sítáńdì ò ní tólẹ̀ dáadáa mọ́,
wà á ṣubú níbi tó o ti dúró."
Ó gbé àyà lé èyí tó ki. Kò mira.
"Èyí dára fún igi gẹdú. Igi ò ní ẹ̀yìn."
Ó tẹ dúdú: ó wọlé, ó rọra jáde.
"Ṣípíríǹgì nìkan, bí ọmọ ewúrẹ́ ló máa ń fò padà.
Òróró inú ló ń kọ́ ọ ní sùúrù."

Dúdú fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin wọ́n ju èyí tó ki lọ.
Ìjẹ̀bú ni mí, Ìjẹ̀bú lòun náà:
ilẹ̀ ṣú bá wa lẹ́nu igba náírà.
Òun ló borí.

Rafíù dè é mọ́ ọ lẹ́bàá títì.
"Ẹnu kejì ni kó o fi sí," ni Sàdíátù pariwo láti inú.
"Bí gààrí bá dé, ẹnu kẹrin.
Ìkarùn-ún, ìgbéraga ni."

Kàmórù pè lọ́jọ́ kejì. Mo ní àpò kan péré ni mo lè gbé.
Ó rẹ́rìn-ín, ó pe ẹlòmíràn.
Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kòtò Àtìkòrí:
ẹ̀yìn ọ̀kadà kúnlẹ̀, ó dìde,
bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.
Orí mi wú. Mo ń retí kí Màámi sọ̀rọ̀.
Ó dákẹ́ títí a fi sún mọ́ afárá.
Ọwọ́ kàn mí léjìká: "Jẹ́ n sọ̀ níbí."

"Màámi, mo ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì!"

"Mo mọ̀. Ìbàdí mi ti sọ fún mi láti ẹnu ọ̀nà ilé.
Ṣùgbọ́n Ìyá Ṣówùnmí ti ń wọ̀nà mi."

Lóòótọ́, lábẹ́ páànù kan tó ti dípẹtà,
ìyá arúgbó kan gbọ́wọ́ sókè.

Mo pa íńjìnnì.