Ẹni Ogún

Eulogia Cárcamo ló pè mí lórí fóònù:
"Nélida, wá yà wá kí ojú mi tó ṣú tán.
Gbogbo wa. Má yọ ẹnì kan sílẹ̀."
Mo bi í pé mélòó ni gbogbo wa.
Ó ní mọ́kàndínlógún, bí Rosamel bá wá.
Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ogún,
bí oyún inú Marisel bá jẹ́ ẹni.

Mo kó ẹ̀rọ méjì, bátìrì mẹ́ta, ọ̀rá tí n ó fi bo ẹ̀rọ.
Ní erékùṣù Chiloé, ẹni tó ní òjò ò ní rọ̀,
àlejò ni, tàbí òpùrọ́.

Mo ti kìlọ̀ fún wọn: ẹ má wọ funfun tó ń dán,
ẹ wọ àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ koríko òkun, àwọ̀ irun àgùntàn.
Wọ́n gbọ́, àfi Nibaldo, àbúrò ìyá,
tó wọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀; bọ́tìnnì ò dé ihò mọ́.
Mo ní ó dára.
Ó dára lóòótọ́.

Mo wá ìmọ́lẹ̀ kiri ilé bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.
Pálọ̀ ṣókùnkùn, èéfín ló ni ilé ìdáná.
Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti rí i, nínú ahéré ọkọ̀:
ilẹ̀kùn gbàgàdà tó kọjú sí gúúsù,
ìmọ́lẹ̀ ń rọra wọlé
bí ẹni tó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.
Ọkọ̀ tí bàbá wọn ò kàn tán kó tó kú wà níbẹ̀,
egungun ìhà rẹ̀ ṣì wà níta.

Mo to àpótí ápù mẹ́fà. Mo kọ́kọ́ ya àwọn ọmọdé,
torí sùúrù wọn kúrú ju okùn bàtà wọn lọ.

Ọkọ̀ ojú omi aago méjì ló gbé Rosamel dé.
Kò kí Yerko.
Yerko ń wo èékánná ara rẹ̀.
Ọdún mẹ́rin, nítorí ọkọ̀ yìí:
ọ̀kan ní ká tà á, ọ̀kan ní ká kàn án parí.
Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà;
ojú méjèèjì yẹn kọ̀, wọn ò pàdé.
Ọ̀kan lọ dúró ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì.

Ìyá ní, "Ṣé ẹ̀rọ rẹ gbà wá?"
"Ó gbà yín, ìyá."
"Kí ló wá dé tí mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ mi lókèèrè?"

Iṣẹ́ mi kọ́ ni ìjà ẹbí. Fọ́tò ni wọ́n sanwó fún.
Mo kàn ní àga ìyá ti jìn sẹ́yìn jù,
kí ọkùnrin méjì tó lágbára bá mi gbé e síwájú.
Irọ́ ni. Àga náà wà níbi tó yẹ.

Yerko gbé tirẹ̀ yá, Rosamel gbé tirẹ̀ pẹ́,
àga fì, ìyá kígbe, igbe di ẹ̀rín,
ọwọ́ méjèèjì já lu ẹ̀yìn rẹ̀,
ọ̀kan lórí èkejì.
Mo tẹ ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn náà mo ya mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n mìíràn, gbogbo wọn gún régé,
kò sẹ́ni tó dijú.
Rosamel ti padà sí ìpẹ̀kun rẹ̀.
Ọkọ̀ aago márùn-ún ló bá lọ.

Ní oṣù kejì mo mú fọ́tò lọ. Ìyá ò rí i.
Ó ní kí n kà á fún òun.
Mo kà á bí ẹni ka lẹ́tà, láti òsì sí ọ̀tún:
kóòtù Nibaldo, ọmọ tó ń fa imú,
ẹsẹ̀ Yerko tó ṣe bàìbàì torí ó ń rìn.
"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wọn ńkọ́?"
Mo ní ó wà lẹ́yìn rẹ, ìyá, kò hàn.
Ó ní, "Mo mọ ibi tó wà."

Ó sanwó, ó fi àpò pòtétò kan lé e.
Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó pè mí padà:
"Mélòó lo kà?"
Mo ní mọ́kàndínlógún.
Ó ní, "Tún un kà."