Ìwọ̀n Eku

Òde Wínípẹ́ẹ̀gì ti dì gbagidi.
Yìnyín jókòó sórí òrùlé garéèjì bí àlejò tí kò ní lọ mọ́.
Mo tan híità kékeré sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi,
mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
Súbárù la ẹnu sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ẹ́ńjìnnì tuntun ni. Ti àtijọ́ kú sójú títì Pẹ́mbínà
nínú oṣù kẹjọ, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan tí ara ń yá mi.
Mo tẹ iná mọ́ ọn, tọ́bò hu bí ìjì,
afẹ́fẹ́ wọlé gìrìgìrì,
epo kò bá a dé.
Awọ rọ́bà inú régúlétọ̀
ti ya láti ọjọ́ tí n kò mọ̀.
Písítìnì kẹta yọ́ bí òrí nínú oòrùn.

Ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn.
Dọ́là márùndínlógójì ni mo ra tèmi;
wọ́n kùn ún ní búlúù, ó ń dán,
wọ́n tún fi sítíkà méjì ṣe ènì fún mi.

Lónìí, mẹ́ta ló wà lórí tábìlì.
Rẹ́nátò yá mi ní ọ̀kan kí n dán an wò:
ọmọ bíńtín, ihò tí epo ń gbà padà nínú rẹ̀
kò ju orí ìṣó lọ.
Bohdán yọjú láti ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, tíì lọ́wọ́,
ó wo pọ́ńpù ńlá tí mo rà, ó wo ihò náà, ó rẹ́rìn-ín.
Òótọ́ ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sinmi, tí kò jẹ púpọ̀,
ibo ni àjẹkù epo yóò gbà padà sí táǹkì?
Yóò há sẹ́nu ọ̀nà, géèjì yóò máa gòkè fúnra rẹ̀.
Mo ní, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.
Bohdán kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀
ó ní ìyá ìyá òun náà mọ eku yẹn.

Ọ̀kan tún wà, oníwàǹwára:
bí afẹ́fẹ́ bá fi ẹyọ kan lé, òun a fi mẹ́rin lé epo.
Ó wúlò fún ẹni tí kò pààrọ̀ ínjẹ́tọ̀.
Èmi ti pààrọ̀. Mo dá a padà sínú páálí.

Èyí tó kù wúwo lọ́wọ́. Kò dán.
Ẹyọ kan fún ẹyọ kan ni tirẹ̀.
Owó rẹ̀ tó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì,
Mosúnmọ́lá kò tíì gbọ́.

Mo rántí àtùpà bàbá mi ní Ìgbájọ,
èyí tí a ń fún ní afẹ́fẹ́ kó tó mọ́lẹ̀.
Yóò máa fún un, yóò máa ka iye rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n,
ìwé àwọn ọmọ iléèwé níwájú rẹ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbà á, mo fún un ní àfúnjù,
ìbọ̀sẹ̀ funfun inú rẹ̀ bẹ́, òkùnkùn bò wá.
Kò lù mí. Ó kàn béèrè nínú òkùnkùn:
"Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Epo ńkọ́?
Ṣé wọ́n jọ ń rìn?"

A gbé ilẹ̀kùn garéèjì sókè kí èéfín má bàa pa wá.
Ìyùnadé di tọ́ọ̀ṣì mú, imú rẹ̀ pọ́n.
Mo yọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìròyìn tọ́bò wá, mo dí i lẹ́nu,
mo ta iná sí ọkọ̀, mo ń yí ìdè náà díẹ̀díẹ̀.
"Ogójì," ni ọmọ mi wí. "Méjìlélógójì. Dádì, rọra.
Mẹ́tàlélógójì!"
Mo dá rọ́bà padà. Ó wálẹ̀ sí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n,
ó dúró síbẹ̀.
Ó kọ ọ́ sára páálí pẹ̀lú ọjọ́ òní.
Ó ní ṣé a lè wà á báyìí. Mo ní ó di oṣù karùn-ún.

Ilẹ̀kùn inú ilé ṣí.
Mosúnmọ́lá ni, risíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Abẹ́rẹ́ géèjì kò mì rárá.
Èmi ni mo mì.