Lẹ́bàá Odò, Láìsí Fèrè

Aago mẹ́fà kù díẹ̀, ìrì ṣì wà lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi.
Mo fi àkísà nù ún, mo fún táyà ní afẹ́fẹ́.
Mùdáṣírù ti kìlọ̀ fún mi nípa táyà ẹ̀yìn yìí:
"Bàbá, ó ti darúgbó jù yín lọ."
Mo ní kó jẹ́ kí arúgbó méjì jọ máa lọ.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi pín lẹ́tà nílùú Ìbàdàn,
láti Dùgbẹ̀ dé Òkè-Àdó, láti Mọ́kọ́lá dé Òkè-Ààrẹ,
tí mọ́tò ń fun fèrè sí mi nídìí
bí ẹni pé mo jẹ wọ́n lówó.
Mo mọ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Èébú ni ti takisí.
Ti tírélà kì í búni, ìdágbére ló ń ṣe.

Nísinsìnyí, etí odò ni mo ń gbà.
Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti sé omi ní Ẹlẹ́yẹlé,
ọ̀nà tóóró tí àwọn apẹja àti ọmọ iléèwé fẹsẹ̀ là,
tí kò gba mọ́tò,
tí kò tilẹ̀ gba ọ̀kadà tó bá ru àpò sìmẹ́ńtì.
Ọ̀tún mi, omi. Òsì mi, ebè ẹ̀fọ́ àti ewé kókò
tó gbé ìrì dání bí ẹni gbé ẹyin.
Ọnà lorúkọ odò náà. Àwọn kan ní Ọ̀nà ni.
Èmi àti Tíṣà Olúgbọ́lá ti jà sí àmì ohùn yẹn títí,
ọtí ẹ̀lẹ́rìndòdò méjì ti tán lórí rẹ̀.
Láàárọ̀ yìí, kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀:
ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́,
hùùù, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sínú àfonífojì.

Ibẹ̀ kò ní nọ́ńbà ilé. Ó ń dun apínlẹ́tà.
Mo bá fún un ní nọ́ńbà fúnra mi:
Ẹyọ kan, ọ̀pẹ méjì tó fara ti ara wọn bí ọ̀mùtí.
Èjì, àpáta tí àwọn alángbá ti ń yáàrùn.
Ẹ̀ta kò sí mọ́; àgbàrá èṣí gbé e lọ
tòun ti igi ìyeyè tí mo fi ṣàmì rẹ̀.
Ẹ̀rin, ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí lóru.
Níbẹ̀, mo máa ń pa ẹnu dé, mo máa ń sáré.

Nídìí oparun ni mo ti bá Fadérera pàdé.
Kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ga jù ú lọ,
ó ki ẹsẹ̀ kan gba abẹ́ irin àárín,
ó ń wà á ní ẹ̀gbẹ́ bí alákàn.
"Bàbá, níbo ni ọ̀nà yìí parí sí?"
Mo fẹ́ sọ pé òkun.
Ẹnu mi kò gbà á: màrosẹ̀ ló máa ń dá mi padà.
"Mi ò tíì débẹ̀ rí."
"Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Ẹyẹ kan tí aró rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ
fò gba iwájú wa kọjá, ó ré lu omi, ó gbé ẹja.
Àwa méjèèjì kígbe lẹ́ẹ̀kan náà.
Fíìì.
Mo rò pé ẹyẹ ni. Táyà ẹ̀yìn ni.
Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi há sínú irin.

A ń ti kẹ̀kẹ́ lọ. Oòrùn ti gun orí oparun.
Lẹ́yìn igbó, tírélà kan dágbére fún ẹnìkan.
A dúró. Omi kò dúró.
Fadérera mú igi, ó kọ ẹẹ́tàdínlógún sórí yanrìn.
Mo ní, "Kí nìyẹn?"
Ó ní nọ́ńbà ilé àwọn ni.
Mo wo iwájú, mo wo yanrìn,
mo bọ́ bàtà.