Dín

Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń fi téèpù wọn ènìyàn
ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Alékúwodò:
igbáàyà, ìbàdí, gígùn apá.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì kan ní Òkè-Fìà fi tirẹ̀ wọ̀n mí.
Téèpù náà rìn, ó rìn, ó tán sí mi lẹ́yìn;
ọmọbìnrin náà lọ mú òmíràn wá, ó so ó mọ́ ọn.
Kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín.

Kílò mẹ́tàléláàádọ́jọ.
Ẹ̀jẹ̀ ń ru, ṣúgà ń gòkè, orúnkún ń ké.
Dókítà Adéṣípẹ̀ ya ikùn mi sórí bébà,
àpò kan gbẹ̀ǹgbẹ̀ bí àpò gààrí.
Ó fi bírò là á lóòró,
ó ku tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́.
"Èyí la ó fi sílẹ̀ fún yín."
Mo ní, "Ìyókù ńkọ́?"
Ó ní, "A ó dà á nù."
Ìyókù aṣọ oníbàárà, mi ò dà á nù rí.
Mo máa ń ká a sínú láílọ́ọ̀nù, n dá a padà fún olówó rẹ̀.

Dín.
Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti há mi léyín.
Oníbàárà á ní, "Tìámíyù, bá mi dín bùbá yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́."
Mùínátù á ní, "Ẹ ní sùúrù, mò ń dín ẹja."
Dókítà ní òun fẹ́ dín mi,
epo gbígbóná ni etí mi kọ́kọ́ gbọ́.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Kì í ṣe ebi.
Ebi ò mọ ojúlé mi.
Adùn ni. Mo lè di ojú
kí n mọ dòdò Ìkirè tòótọ́ yàtọ̀ sí ayédèrú;
mo mọ mọ́ínmọ́ín tó gba ẹyin
àti èyí tó kàn ń parọ́ pé òun gbà á;
ẹ̀bẹ tó jó díẹ̀ nídìí ìkòkò, ẹ má ha á dànù, tèmi ni.
Nígbà tí màmá mi fẹ́ kú,
ohun tó bi mí gbẹ̀yìn ni, "O ti jẹun?"
Mo ní mo ti jẹun. Irọ́ ni.
Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹun
kí ọ̀rọ̀ yẹn lè di òótọ́.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, àwọn àgbà ti wí i.
Mo máa ń fi í ṣàwàdà tí mo bá bu ẹran kejì.

Ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, omi nìkan ni.
Ògì tó ṣàn bí ọ̀gbàrá, wàrà tí ò ní ṣúgà.
Mo ti gba ààwẹ̀ rí; ààwẹ̀ ní ìṣínu.
Mùínátù sẹ́ ọbẹ̀,
ó kó ẹran fún àwọn ọmọ,
ó gbé ìròyìn ẹran fún mi nínú kọ́ọ̀bù.
Mo fi ṣíbí ọmọ-ọmọ mi mu ún, díẹ̀díẹ̀.
Ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá, mo rí irú níbẹ̀,
irú tí mo ti ń gbé mì láti ọdún yìí wá
láìkí i.

Mo bi dókítà pé, "Ahọ́n ńkọ́?"
Ó ní àwọn ò ní fọwọ́ kan ahọ́n.
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó gba ilẹ̀.

Lálẹ́ àná mo gé bùbá kan
fún ọkùnrin kan tí mi ò tíì mọ̀.
Mo fojú wọ̀n ọ́n, mo rán an,
mo sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìka mẹ́rin,
bóyá yóò fẹ́ kí n tú u.
Ojora ni. Mo mọ̀.

Láàárọ̀ ọ̀la wọn ó dín mi.
Ní báyìí, Mùínátù ń dín ẹja fún àwọn ọmọ,
ó ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì nítorí mi,
ṣùgbọ́n fèrèsé ò gbọ́ràn.
Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo fimú jẹ ẹ́,
orí, ìrù, egungun.
Kò sẹ́ni tó kà á sí mi lọ́rùn.