Àkọsílẹ̀ Ìpàdé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Káńsù jókòó ní Ẹ̀pẹ́ láago mẹ́wàá.
Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn.
Aago mọ́kànlá ti kọjá kí alága tó bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò.

Fáànù ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá gbà síṣẹ́.
Fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà ò ṣeé pa dé,
òórùn ẹja yíyan ń wọlé, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
A fi Fátíà ṣí i, a fi orúkọ Jésù tì í lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kìíní: àga gbọ̀ngàn.
Ogójì, tuntun, onítìmùtìmù.
Káńsẹ́lọ̀ Ọ̀ṣínúbi dìde,
ó na etí agbádá rẹ̀ kí a lè rí ibi tí ìṣó ti fà á ya.
Wọ́n gbà á. Kò sẹ́ni tó takò ó.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ kejì: owó èbúté.
Ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ á máa san igba náírà dípò ọgọ́rùn-ún.
Mùnírátù béèrè ohun tí a fi ọgọ́rùn-ún ti tẹ́lẹ̀ ṣe.
Alága rẹ́rìn-ín.
Mo kọ ọ́ pé: alága fèsì.

Ọ̀rọ̀ kẹta ti wà lórí bẹ́ńṣì ẹnu ọ̀nà láti aago mẹ́jọ,
ó fi fìlà lé orúnkún,
ó fi ìwé ìròyìn wé nǹkan kan mọ́ra bí ọmọ.
Bàbá Jìnádù, láti Ìdí-Àgbọn, lódì kejì omi.
Nígbà tí wọ́n pè é, kò kí wa pẹ́.
Ó tú ẹrù náà sórí ìwé ìṣúná:
ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan, pátákó tó ṣẹ́ bí eyín,
iyanrìn sì dà sílẹ̀ lára rẹ̀.

"Mi ò wá tọrọ owó.
Iná kan ni, lórí òpó kan,
níbi tí èbúté yín ti pin,
kí ẹni tó ń ti ọ̀dọ̀ wa bọ̀ lóru lè mọ ibi tí ilẹ̀ wà.
Oòrùn ló ń jẹ, kò ní jẹ epo yín.
Mo kọ́kọ́ wá, ẹ ní n lọ kọ lẹ́tà.
Mo kọ lẹ́tà, ẹ ní kò ní òǹtẹ̀.
Òǹtẹ̀ rèé."

Ẹnikẹ́ni ò béèrè ẹni tó wà nínú ọkọ̀.
Ẹ̀pẹ́ ò tóbi tó bẹ́ẹ̀.
Ọ̀ṣínúbi ń fi ìka kó iyanrìn jọ, ó tún ń tú u ká.

Ìpinnu: kí ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kékeré.
Alága ìgbìmọ̀ kékeré ti kú láti oṣù Òkúdù,
a ò tíì yan òmíràn,
ìyẹn náà sì di ìpàdé tó ń bọ̀.

Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bó ti ń jáde.
"Ìyá akọ̀wé, ẹ kọ ọ́?"
"Mo kọ ọ́, bàbá."
"Ẹ kà á fún mi."
Mo kà á: A gba ìbéèrè nípa èbúté wọlé.
Ó gbọ́ ọ, ó dé fìlà rẹ̀.
"Ọ̀rọ̀ mi gùn jùyẹn lọ," ló wí,
kò sì gbé pátákó náà padà.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ ìwé yìí,
mi ò fi bírò mi ṣẹ̀ wọ́n rí.
Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ti ṣófo, àwọn àga ń fi ìṣó wò mí.
Mo padà sí ojú ewé náà, mo fi kún un:
Iyanrìn dà sórí tábìlì.
Múínátù, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló ń gbé èpìyà bọ̀ wá tà.

Oṣù tó ń bọ̀, n óò kà á sókè fún wọn,
bí òfin ti wí.
Alága á gbójú sókè, á béèrè:
ta ló gbà pé bó ṣe rí nìyí?
Ta ló gbè é lẹ́yìn?

Pátákó ń bẹ nínú dúrọ́ọ̀ mi.
Kò gbà á tán, ó yọ orí síta.
Mi ò tì í.