Ìwé Owó Yàrá Kan ní Òkè-Baálẹ̀

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni mo máa ń ṣí ìwé owó,
nígbà tí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá gba etí wa.
Owó tó wọlé lóṣù yìí: ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún náírà.
Owó yàrá kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.
Oògùn ikán: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.
Ikán ò mọ ìtàn;
rísíìtì kòkó tí bàbá ẹni fi pamọ́ sínú agolo bisikíìtì,
oúnjẹ ni lójú tirẹ̀.
Ọ̀kadà lọ sóko Ọ̀jẹ́lábí, àlọ àti àbọ̀: ẹgbẹ̀rún méjì.
Arúgbó náà sọ orúkọ ebè kọ̀ọ̀kan fún wa,
a gbà á sórí fóònù títí bátìrì fi kú.

Ìyá Moróunkéjì ò rówó ẹgbẹ́ san.
Ó gbé iṣu mẹ́ta kalẹ̀, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.
"Ìyá, ibo ni kí n kọ iṣu sí nínú ìwé owó?"
"Kọ ọ́ síbi tí ebi ti ń pa yín."
Mo kọ ọ́ síbẹ̀:
iṣu mẹ́ta, láti ẹ̀yìn ògiri ilé-epo
tó jókòó sórí oko bàbá rẹ̀,
ebè mẹ́rìnlá péré ló ṣẹ́kù.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ọkùnrin kan ti Abùjá dé,
bàtà rẹ̀ ò tíì mọ erùpẹ̀.
Ó fi ṣẹ́ẹ̀kì sórí tábìlì: ìdajì mílíọ̀nù.
Ìlà kan péré ló fẹ́ ká tún kọ,
ká sún pẹ̀rẹ́gún ààlà díẹ̀ sápá ọ̀tún,
nínú ìwé o, kì í ṣe lórí ilẹ̀.
"Ta ni yóò mọ̀?"

Alàgbà Adégòróyè, alága wa,
tó jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́ oṣù mẹ́rin,
yọ awò ojú, ó ń fi etí bùbá nù ún.
Ó pẹ́ lẹ́nu ẹ̀.
Èmi ń wo òrùlé tó ń jò.
Kí n má purọ́, mo fẹ́ kó gbà á.

Ó ní, "Pẹ̀rẹ́gún ò lẹ́sẹ̀.
Bó bá rìn,
ipasẹ̀ tiwa ni wọn yóò bá nílẹ̀."

Ṣẹ́ẹ̀kì padà sápò ẹni tó ni ín.
Òjò dé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ike sábẹ́ ibi tó ń jò,
mo fa ìlà sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé:

Owó tó kù: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.
Iṣu: méjì.
A ti jẹ ọ̀kan.